Ṣé O Mọ̀ Pé Òkun Ń Bẹ ní Aṣéjìrè?

Ṣé o mọ̀ pé omi tó ń ṣàn lábẹ́ afárá Aṣéjìrè, níbi tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja ti máa ń na ẹja sí ọlọ́kọ̀ tó ń lọ sí Ifẹ̀, òkun ló dorí kọ? Odò Ọ̀ṣun ni. Apá Ìgèdè ní Èkìtì ló ti ṣẹ̀ wá. Ó gba Òṣogbo, ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó tún ń bá tirẹ̀ lọ títí ó fi já sínú ọ̀sà Lẹ́kí ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Láti ibẹ̀, ilẹ̀ iyanrìn tóóró ló kù láàárín omi wa àti agbami.

Ṣé o mọ̀ pé orí ilẹ̀ iyanrìn yẹn, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ni èbúté ńlá Lẹ́kí wà? Oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí i. Omi ibẹ̀ jìn tó mítà 16.5, ọkọ̀ tó tóbi ju èyí tó ń wọ Àpápá lọ lè gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ewé tó bá já sínú Ọ̀ṣun ní ìsàlẹ̀ ìsédò Aṣéjìrè, ọ̀nà ibẹ̀ ló ń lọ.

Ṣé o mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti sé odò náà ní Aṣéjìrè, láàárín ìparí àwọn ọdún 1960 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Ìbàdàn ló ń mu ún? Ìpínlẹ̀ méjì ló pàdé létí adágún náà, Ọ̀yọ́ níhà kan, Ọ̀ṣun níhà kejì.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí odò nítorí ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ ní Ìkirè àti ní Àpòmù, bí ìròyìn àwọn ajalèlókun bá ti dé orí rédíò: "Èwo ni tiwa níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ará Èkó ni." Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ará Èkó nìkan. Ẹni tó bá jẹun yó ní Ìkirè lónìí, àwọn ọmọ ogun ojú omi wà lára àwọn tó bá a dáná.

Ṣé o mọ ìtumọ̀ tòkunbọ̀? Ti òkun bọ̀ ni, ohun tó ti ìkọjá òkun wá. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni kó tó di orúkọ ọkọ̀. Wo gáréèjì Ìkirè dáadáa: mélòó nínú ọkọ̀ ibẹ̀ ni kì í ṣe tòkunbọ̀? Táyà, bátìrì, páàtì, ọ̀kadà, inú kọ̀ńténà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti jáde.

Ṣé o mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pe ẹja inú yìnyín ní òkú Èkó? Èkó ló ti ń wá, ó sì ti kú kó tó dé. Àmọ́ Èkó kọ́ ló kú sí. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, inú òkun ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti pa á, ọkọ̀ òkun ló sì gbé e wá. Òkóporókó tó lókìkí jù, ilẹ̀ Norway ni. Ìyá tó ń ta ẹja tútù létí afárá Aṣéjìrè àti ìyá tó ń ta òkú Èkó ní Àpòmù, omi ló ń bọ́ àwọn méjèèjì.

Ṣé o mọ̀ pé ohun tó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àlìkámà tí Nàìjíríà ń jẹ, ọkọ̀ òkun ló ń kó o wá? Búrẹ́dì àti ẹ̀wà tí ọmọ ilé ìwé jẹ lówùúrọ̀, búrẹ́dì rẹ̀ ti la agbami kọjá.

Ṣé o mọ̀ pé dòdò Ìkirè pàápàá, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tiwa, tí epo pupa rẹ̀ jẹ́ tiwa, tí ata rẹ̀ jẹ́ tiwa, òkun ti fọwọ́ kàn án? Iyọ̀ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú iyọ̀ tí a ń lò ní Nàìjíríà, láti òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá kí ilé-iṣẹ́ ibí tó yọ́ ọ mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé bí a bá fi ìwọ̀n ẹrù ṣírò, ó lé ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ọjà tí àwọn orílẹ̀-èdè ń tà fún ara wọn tó ń gba ojú òkun? Bàálù ò tó nǹkan níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé kòkó wa náà ń rin ọ̀nà yẹn, láti oko lọ sí ọ̀dọ̀ arakòkó, láti ibẹ̀ lọ sí Èkó, láti Èkó sínú ọkọ̀? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 12,000 lọ́jà àgbáyé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó yẹn ló ń dé abẹ́ igi kòkó. Ẹni tó ń rà á ti máa ń yọ owó ọkọ̀ àti owó ìnṣọ́ránsì kó tó dárúkọ iye tí yóò san. Bí òkun bá léwu, owó méjèèjì yóò lọ sókè, àgbẹ̀ tí kò mọ apá ibi tí òkun wà ni yóò sì san án.

Ṣé o mọ̀ pé èyí ti ṣẹlẹ̀ rí? Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì ń ri ọkọ̀ oníṣòwò nínú Àtìláńtíìkì. Ọkọ̀ tó lè kó kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ ò tó mọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá bọ́ọ̀dù sílẹ̀ ní ọdún 1940 láti máa ra kòkó náà, nígbà tí kò sì sí ọkọ̀ tí yóò gbé e, wọ́n sun apá kan nínú rẹ̀. Kòkó tí ènìyàn gbìn, tó ká, tó fọ́, tó sá gbẹ, wọ́n da iná sí i torí pé ọ̀nà òkun ti dí. Bí mo bá ro èyí, ó máa ń dùn mí.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà ogun yẹn kan náà, ọkọ̀ ogun kan wà tí ń jẹ́ HMS Nigeria? Ọdún 1939 ni wọ́n tì í sómi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 17 kí Nàìjíríà tó ní ọmọ ogun ojú omi tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1942 ó wà lára àwọn tó ń sin ọkọ̀ oúnjẹ lọ sí erékùṣù Malta tí ebi fẹ́ pa. Ọkọ̀ abẹ́ omi Ítálì yìnbọn lù ú, ènìyàn 52 kú nínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò rì. Íńdíà rà á lẹ́yìn ogun, wọ́n sọ ọ́ ní Mysore.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn baba wa ti mọ iye òkun kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun tó dé? Ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí wa, Igbó Olókun wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá. Ifẹ̀ kò ní òkun. Síbẹ̀ ẹni tó ni òkun ni wọ́n gbé ọrọ̀ lé lọ́wọ́.

Ṣé o mọ̀ pé owó ẹyọ tí wọ́n ń ná ní ọjà Àpòmù, inú òkun Íńdíà ló ti wá? Àwọn erékùṣù Maldives ni wọ́n ti ń kó o. Ọkọ̀ kó o dé Yúróòpù, ọkọ̀ tún kó o dé etíkun wa, ènìyàn rù ú gòkè. Olóńjẹ tó bá ń ka ẹyọ ní Àpòmù, òkun ló ń kà.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí o bá mi dúró díẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé ní igba ọdún sẹ́yìn, ọjà Àpòmù wà lára àwọn ọjà tó lókìkí jù nílẹ̀ Yorùbá? Ìpẹ̀kun ilẹ̀ Ifẹ̀ ni. Ará Ọ̀yọ́ ń bọ̀ láti òkè, ará Ìjẹ̀bú ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọjà etíkun, ará Òwu wà nítòsí. Níbi tí ọjà bá ti kún, olè á mọ̀. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tó jáde ní ọdún 1921, pé wọ́n ń jí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ gbé níbẹ̀, wọ́n sì ń tà wọ́n lẹ́rú, débi pé àṣẹ jáde fún Baálẹ̀ Àpòmù pé kó má gbà á láyè. Baálẹ̀ ṣe bí wọ́n ṣe wí. Johnson ní Awólẹ̀, ọmọ ọba Ọ̀yọ́ tó ń ṣòwò nígbà náà, ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ lẹ́rú ní Àpòmù. Ẹjọ́ dé iwájú Baálẹ̀. Baálẹ̀ ò wo ojú ọmọ ọba, ó ní kí wọ́n nà án.

Nígbà tó yá, Awólẹ̀ di Aláàfin. Wọ́n bi í pé ta ni ọ̀tá rẹ̀ tí wọn yóò kọ́kọ́ gbógun tì, ó ní Baálẹ̀ Àpòmù ni. Ọkùnrin náà sá lọ sí Ifẹ̀. Nígbà tó rí i pé Ifẹ̀ ò lè gba òun, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Ohun tó pa á ni pé ó ṣọ́ ọjà bí wọ́n ṣe ní kó ṣọ́ ọ. Bí a bá ń wá ẹni tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ ogun ojú omi, a ò ní láti rìn jìnnà: ará Àpòmù ni.

Ṣé o mọ ohun tó tẹ̀lé e nígbà tí ọjà náà ò ní ẹ̀ṣọ́ gidi mọ́? Ìjínigbé padà. Òwu dá sí ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ni ìjà atáare bẹ́ láàárín Ìjẹ̀bú àti Òwu lọ́jà Àpòmù, atáare lásán, ìjà náà sì di ogun. Òwu fọ́ Àpòmù àti ìlú agbègbè rẹ̀. Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú parapọ̀, àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n dóti Òwu fún ọdún pípẹ́ títí ó fi tú. Lára àwọn ọmọ ogun yẹn ló wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Ìbàdàn tó ń mu omi Aṣéjìrè lónìí, ìjà tó bẹ́ lọ́jà Àpòmù ló kó àwọn ará ibẹ̀ jọ.

Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n jí gbé lọ? Òkun ni. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ àwọn Potogí kan tí wọ́n ń pè ní Esperança Felix kó ẹrú kúrò ní Èkó. Ọmọkùnrin kan láti Òṣogùn wà nínú rẹ̀, Àjàyí ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lọ́nà, wọ́n sì kó àwọn ẹrú náà lọ sí Freetown. Ọmọ yẹn ló di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tó tú Bíbélì sí èdè wa. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun tó gbà á là bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1808. Láàárín bí àádọ́ta ọdún, wọ́n mú ọkọ̀ ẹrú bíi 1,600, wọ́n sì dá ènìyàn bíi 150,000 sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ló yin ìbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851? Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, ó gba Ẹ̀pẹ́ lọ, wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, wọ́n gba Èkó pátápátá. Mo to ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí o lè rí i: ọkọ̀ ogun ẹlòmíràn lè gbà ọ́ lónìí, kó gba ilẹ̀ rẹ lọ́la. Òun ló mọ ìdí tó fi wá.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1956 ni Nàìjíríà tó ní ọmọ ogun ojú omi tirẹ̀? Àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ darí rẹ̀. Joseph Edet Akinwale Wey ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di olórí rẹ̀, ní ọdún 1964.

Ṣé o mọ bí ilẹ̀ omi tí wọ́n ń ṣọ́ ṣe tóbi tó? Etí òkun Nàìjíríà gùn tó kìlómítà 853, ẹ̀tọ́ wa sì wọ inú òkun lọ dé 200 máìlì àwọn atukọ̀. Lọ sí Ìbàdàn láti Ìkirè, padà, tún lọ, títí ìgbà mẹ́jọ: ibi tí o rìn kò tíì tó gígùn etí òkun yẹn, áḿbọ̀ǹtórí inú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera àwọn ọmọ ogun ojú omi wà ní Ọ̀fà? Ní Ọ̀fà, tí kò rí òkun rí. Ilé ẹ̀kọ́ girama wọn kan wà ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì ní ibùdó kan ní Lọ́kọ́ja. Ọmọ Ìkirè tó bá fẹ́ iṣẹ́ yìí ò ní láti kó lọ sí Èkó kó tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ ogun wa tó tóbi jù, NNS Aradu, Hamburg ní Jámánì ni wọ́n ti kàn án, ó sì wọ iṣẹ́ ní 1982? Ní 2005 ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí àwọn ọkọ̀ ogun àgbáyé ti péjọ fún ìrántí ogun Trafalgar. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún púpọ̀ ló fi dúró létí omi, tó ń retí àtúnṣe.

Ṣé o mọ̀ pé ní 2012 a ti ọkọ̀ ogun tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn kàn ní Èkó sómi? NNS Andoni ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 31. Òmíràn tẹ̀lé e, NNS Karaduwa, ní 2016. Èyí wú mi lórí ju gbogbo èyí tí a rà lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, àwọn tó ń fi tírọ́là pẹja ní Nàìjíríà kó ọkọ̀ wọn wọ èbúté, wọ́n láwọn ò jáde mọ́? Àwọn ajalèlókun ń pa àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Kì í ṣe sọ́jà ló ké igbe yẹn, apẹja àti oníṣòwò ni. Wọ́n ní kí ìjọba fi ọkọ̀ ogun sójú omi kí àwọn tó lè fi àwọ̀n síbẹ̀. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn aládùúgbò wa ní Benin? Ní 2010, àjọ tó ń ka ìkọlù ojú òkun kò ka ẹyọ kan níbẹ̀. Ní 2011 ó ka 20. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ àwọn oníìnṣọ́ránsì ní Lọ́ńdọ̀nù kọ omi Benin mọ́ àwọn ibi tó léwu. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé olówó ọkọ̀ yóò san àfikún owó nígbàkígbà tó bá fẹ́ wọ Kútọnu. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kàn yí orí padà. Èbúté yẹn sì ni ìjọba Benin fi ń jẹun. Àwọn ènìyàn wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Sàkétẹ́, ọjà tó ń gba Kútọnu wọlé ni wọ́n ń tà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Nàìjíríà àti Benin bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ omi pọ̀. Ọkọ̀ ogun wa ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ní 2016 àwọn ọmọ ogun ojú omi wa lépa ọkọ̀ kan láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè? MT Maximus, ọkọ̀ agbépo tó kó dísù. Wọ́n jí i gbé ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì lójú omi Abidjan, wọ́n pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́, wọ́n kọ òmíràn sí i. Ghana rí i, ó fi lé Togo lọ́wọ́, wọ́n ń ta ara wọn lólobó bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé omi São Tomé. Ibẹ̀ ni àwọn tiwa ti gba àṣẹ, wọ́n wọ inú rẹ̀, wọ́n sì gbà á. Olè kan kú, wọ́n mú mẹ́fà.

Ṣé o mọ̀ pé ní 2020, nínú òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 135 tí wọ́n jí gbé lójú òkun gbogbo àgbáyé, 130 jẹ́ ti òkun wa yìí, láti Senegal dé Àǹgólà? Gbogbo ayé tó kù pín márùn-ún.

Ṣé o mọ̀ nípa ọkọ̀ tí ń jẹ́ Mozart? Ó gbéra láti Èkó ní oṣù kìíní ọdún 2021, ó ń lọ sí Cape Town. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sá sínú yàrá tí wọ́n ń tì pa. Àwọn olè fi wákàtí púpọ̀ gé irin títí wọ́n fi wọlé. Wọ́n pa ẹnjiníà kan, wọ́n kó ènìyàn 15 lọ. Mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀, àwọn mẹ́ta yẹn ló wa ọkọ̀ náà dé Gabon. Èkó ni ọkọ̀ yẹn ti gbéra, níbi tí wọ́n ń já ẹrù wa sí. Àwọn ìyàwó àti ọmọ ń dúró de irú àwọn atukọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé.

Ṣé o mọ̀ pé lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn olówó ọkọ̀ àgbáyé fọwọ́ síwèé kan pọ̀, lábẹ́ àjọ wọn BIMCO, tí wọ́n fi ń bẹ ìjọba gbogbo pé kí wọ́n ṣọ́ òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà? Aráàlú ni wọ́n, àwọn tó ń gba owó iṣẹ́, àwọn tó ń gbé ẹrù. Ní Amẹ́ríkà, irú ẹgbẹ́ aráàlú tó ń ti ọmọ ogun ojú omi lẹ́yìn ti wà láti ọdún 1902, Navy League ni wọ́n ń pè é.

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ ogun Denmark ló bá àwọn ajalèlókun jà nínú òkun wa ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ó sì pa mẹ́rin nínú wọn? Denmark ní ọkọ̀ oníṣòwò tó pọ̀ níhìn-ín, ohun tirẹ̀ ló wá ṣọ́. Mi ò bá a wí. Àmọ́ mo rántí 1851.

Ṣé o mọ̀ pé Nàìjíríà ló kọ́kọ́ ní òfin tirẹ̀ lórí ajalèlókun lápá ibí yìí? Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019 ni Ààrẹ fọwọ́ sí i. Kí ó tó dìgbà náà, wọ́n á mú olè ojú omi, wọn ò ní mọ ẹ̀sùn tí wọn yóò fi kàn án. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, NNS Nguru gba ọkọ̀ apẹja àwọn ará Ṣáínà kan tí wọ́n jí lójú omi Côte d'Ivoire, ènìyàn 18 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n mú mẹ́wàá. Ní oṣù Keje ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán àwọn mẹ́wàá sẹ́wọ̀n ọdún 12.

Ṣé o mọ̀ pé ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni ìjọba ṣí iṣẹ́ ìṣọ́ òkun tí wọ́n ń pè ní Deep Blue ní Èkó? Dọ́là mílíọ̀nù 195 ni wọ́n ná sí i: ọkọ̀ ńlá méjì, ọkọ̀ asáré 17, bàálù méjì, hẹlikópítà mẹ́ta, àti drone mẹ́rin.

Ṣé o mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́? Ìkọlù 81 ni wọ́n kà ní òkun wa ní 2020. Ní 2021 ó já sí 34. Ní 2022 ó já sí 19. Àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe nọ́mbà lásán. Ìkọ̀ọ̀kan tí kò ṣẹlẹ̀ nínú wọn, àwọn atukọ̀ kan ló padà sílé láàyè.

Ṣé o mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ìṣọ́ bá dẹ̀? Wo Òkun Pupa. Nígbà tí àwọn jagunjagun Houthi ti ilẹ̀ Yemen bẹ̀rẹ̀ sí kọlu ọkọ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lọ láàárín Éṣíà àti Yúróòpù fi ọ̀nà Suez sílẹ̀, wọ́n sì yí gbogbo Áfíríkà ká. Ìrìn-àjò gùn sí i ní bí ọjọ́ mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó kọ̀ńténà sì fò sókè.

Ṣé o mọ̀ pé fífẹ́ràn ọmọ ogun ojú omi kò ní ká dijú fún wọn? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2004, ọkọ̀ agbépo kan tí wọ́n ti mú, MT African Pride, pòórá lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Odindi ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ máa bi ẹ̀ṣọ́ léèrè. Baálẹ̀ Àpòmù ò wo ojú ọmọ ọba, àwa náà ò gbọ́dọ̀ wo ojú ọ̀gágun.

Ẹ̀yin ará Ìkirè, ẹ̀yin ará Àpòmù, aṣojú kan ni ẹkùn ìdìbò Ayédáadé, Ìrewọlé àti Ìṣọ̀kan ní ní Abújà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń dìbò lórí owó àwọn ọmọ ogun ojú omi lọ́dọọdún. Nígbà tó bá tún wálé, tí ẹ bá ti béèrè títì àti iná mànàmáná tán, ẹ bi í pé ọkọ̀ ogun mélòó la ní, mélòó ló ń rìn nínú wọn, kí ló sì ti ṣe sí i.